Ẹ Bi Àwọn Tó Ń Ta Íntánẹ́ẹ̀tì fún Yín Pé Kí Ni Wọ́n Ń Rí

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fà wọlé ní estate, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí dópin, torí inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí, dátà orí fóònù ti wọ́n kọjá agbára, làwọn kan bá dé àdúgbò pé àwọn á fa wáyà wọlé fún yín, ẹ san owó oṣù, kẹ́ ẹ máa lò ó bó ṣe wù yín. Àwa náà gbà á.

Kò pẹ́ tí ìpolówó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí mi lókè àwọn ojú ìwé kan, àwọn tí kò ní https yẹn, ìyẹn ààbò tó ń bo ohun tó ń kọjá láàárín fóònù yín àti ojú ìwé: àgbo àwọn tó ń wá ọmọ, oògùn ilé ọmọ. Tí n bá fi dátà fóònù mi ṣí ojú ìwé yẹn kan náà, ìpolówó yẹn ò ní sí ńbẹ̀ rárá. Ó ń kọ mí lóminú, àmọ́ mi ò tíì mọ ibi tó ti ń wá.

Èmi àti ọkọ mi ń wá ọmọ, a sì ti jọ sọ ọ́ pé a ò ní sọ fẹ́nì kankan pé IVF la fẹ́ ṣe, ìyẹn kí dókítà so ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ níta ara, kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ. Ìgbà tí network wá ń fà bí ìgbín, wọ́n rán ọmọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì wọn. Ìyá ọkọ mi wà ní pálọ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí tábìlì, ó ń fi ìka tọ́ ọ, ó ní, "Àǹtí, network wa ò ní wàhálà o, ẹ̀yin lẹ̀ ń lò ó púpọ̀. Ẹ wò ó, YouTube rèé, WhatsApp rèé, website hospital tí wọ́n ti ń ṣe IVF yìí náà rèé, ẹ ò kì í fibẹ̀ sílẹ̀, títí kan òru." Ohùn rẹ̀ lọ sókè dáadáa. Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní, "IVF kẹ̀? Ta ló fẹ́ ṣe é? Ṣé ẹ ti lọ ń ra ọmọ ni?" Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ, omi kàn ń dà lójú mi níwájú àlejò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn àbúrò ọkọ mi ti ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkan tiẹ̀ ní òun ti bá pásítọ̀ òun sọ ọ́.

Mo bi ọmọkùnrin yẹn pé ta ló ní kẹ́ ẹ máa wo ibi tí mò ń lọ. Ó ní gbogbo kọ́sítọ́mà làwọn ń rí, ibẹ̀ làwọn ti ń mọ ìpolówó tí àwọn máa fi ránṣẹ́, pé mo ti gbà á nígbà tí mo sanwó, mi ò kúkú sọ pé mi ò fẹ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ má sọ fún mi pé kí n ti ka terms, ìyẹn àdéhùn wọn, wọn ò fún wa ní ìwé kankan yàtọ̀ sí rìsíìtì. Báwo lẹni tí ẹ ò bi léèrè ṣe máa sọ pé òun ò fẹ́? Àwọn àgbà ní adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ tẹni tó ń ṣe. Òfin wa náà sọ bẹ́ẹ̀: Nigeria Data Protection Act tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kẹfà 2023 ní pé ẹni tó dákẹ́ ò tíì yọ̀ǹda, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra jù.

Ẹ̀yin ará wa nílùú Ọba á rántí BT, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, àti Phorm, ilé iṣẹ́ ìpolówó tó ṣe ẹ̀rọ fún wọn. Lọ́dún 2006 àti 2007, BT dán ẹ̀rọ Phorm yẹn wò lórí láínì ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ́sítọ́mà láì sọ fún wọn, tó ń wo ojú ìwé tí wọ́n ń ṣí torí ìpolówó. 2008 làṣírí tú. Lọ́dún 2011 àwọn olùpẹjọ́ ìjọba ní àwọn ò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, àmọ́ European Commission, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí i pé àwọn orílẹ̀-èdè European Union ń tẹ̀ lé òfin rẹ̀, ti dìde sí ìjọba ìlú Ọba láti 2009, títí wọ́n fi tún òfin ṣe, tí wọ́n yọ àyè tí ilé iṣẹ́ fi lè sọ pé "a rò pé ó gbà" kúrò. A rò pé ó gbà! Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn.

A ti já wáyà wọn, a ti padà sórí dátà. Tẹ́ ẹ bá ṣì wà lórí tiyín, ẹ mọ̀ pé https ń bo ohun tẹ́ ẹ kà àti ohun tẹ́ ẹ tẹ̀, àmọ́ orúkọ website yẹn ṣì ń hàn sí wọn. Lórí Android 9 sókè, ẹ wá Private DNS nínú Settings, ó ń bo ìbéèrè tí fóònù yín fi ń wá àdírẹ́sì website, torí náà ó ń dí ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń rí orúkọ yẹn, kò dí gbogbo ẹ̀. VPN, ìyẹn áàpù tó ń gbé gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì gba ọ̀nà tó fara sin kọjá, á bò yín lójú wọn, àmọ́ ẹni tó ni VPN náà lẹ wá gbára lé o, ẹ má kàn lọ mú ọ̀fẹ́ èyíkéyìí.

Kẹ́ ẹ sì tó sanwó oṣù tó ń bọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn: kí lẹ̀ ń rí, ta ló ń rí i, ìgbà wo ni mo yọ̀ǹda fún yín? Ìyọ̀ǹda yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ tẹnu mọ́. Tí wọn ò bá fèsì, Nigeria Data Protection Commission lẹ máa fẹjọ́ sùn. Lẹ́tà tèmi ti wà lọ́dọ̀ wọn.