Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fúnra Rẹ̀ Jọ̀wọ́ Ike Náà

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ́ ọmọ kékeré nípa òfuurufú, ẹ mọ ìbéèrè yìí: "Àǹtí, kí ló dé tí àwọn tó wà lókè yẹn fi ń léfòó?" Ọ̀pọ̀ máa ń dáhùn pé ilẹ̀ kì í fa èèyàn mọ́ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibùdó òfuurufú àgbáyé, ìyẹn ilé tí àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú ń gbé lókè, ò ju nǹkan bí 400 kìlómítà sókè lọ. Ẹni tó wakọ̀ láti Abẹ́òkúta dé Ìlọrin tó sì padà ti rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òòfà ilẹ̀ ṣì ń fa àwọn tó wà níbẹ̀ dáadáa. Ńṣe ni wọ́n ń já bọ̀ láìdúró. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sáré tó 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan, bí wọ́n ṣe ń já bọ̀ ni ẹ̀yìn ayé ń tẹ̀ lọ sísàlẹ̀, wọn ò sì kan ilẹ̀.

Mi ò kó gbogbo èyí lé ọmọ ọdún mẹ́fà lórí. Mo lu ihò sí ìsàlẹ̀ ike omi, mo rọ omi sí i, omi ń tú. Bí ọmọ bá jọ̀wọ́ ike, omi á dá títú dúró títí ike fi balẹ̀, torí àti omi àti ike ló jọ ń já bọ̀, bíi ti àwọn tó wà lókè àti ibùdó wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló gun àga. Ó jọ̀wọ́ ike. Gbogbo wọn pariwo: "Omi dúró!" Ibẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé wa yọ pẹ̀lú àwọn òbí kan. Ọ̀gá ní: "Ẹ wo omi tí wọ́n ń dà nù! Ìwé la ní kẹ́ ẹ kọ́ wọn, ẹ ń kọ́ wọn nídán." Wọ́n sọ ike náà sínú ìdọ̀tí lójú àwọn ọmọ. Mo ti gbàṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù o, omi kànga sì ni. Ariwo yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ọmọ yẹn ló fà mí láṣọ: "Àǹtí, ṣé idán ni mo ṣe?" Ẹnu mi wúwo.

Bàbá kan nínú àwọn òbí náà ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wọn ní Òkè-Ìlèwó ní Sátidé. A ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbàṣẹ yín sínú ìwé. Ẹ má fi orúkọ plánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀, ọmọ á kà á bí orin ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹjú mọ́ oòrùn láé. Ṣùgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọmọ ni kó jọ̀wọ́ ike náà, kì í ṣe ẹ̀yin. Èyí tí ẹ bá ṣe lójú rẹ̀ lè jọ idán. Èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó tún un ṣe, tó sì rí i pé bákan náà ni, kò sẹ́ni tó lè pè é nídán fún un mọ́.

Ìṣó gbígbóná ni mo fi ń lu ihò náà. Ẹ ṣí ìdérí ike sílẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá dé e pa, omi ò ní tú dáadáa kí ọmọ tó jọ̀wọ́ rẹ̀.