Ìwé Kékeré Tí Mo Fi Ń Dá Àwọn Kóòṣì Arsenal Lẹ́jọ́

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, mo kọ gbólóhùn kan nípa Mikel Arteta, kóòṣì Arsenal, sínú ìwé kékeré ẹlẹ́yìn dúdú kan: "Arteta ò ní lo Kérésìmesì yìí pẹ̀lú wa. Bó bá lò ó, ẹ pè mí ní aláìmọ̀kan." Manchester City ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 5-0 lù wá tán ni. Ṣáájú ìyẹn, Brentford ti fi 2-0 kí wa káàbọ̀ sí sáà tuntun, Chelsea náà sì ti fi 2-0 mìíràn lé e. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, a ò jẹ góòlù kan ṣoṣo, àwa la sì gbé gbogbo líìgì rù lórí níbi tá a wà nísàlẹ̀ tábìlì. Mo fi ìbínú tẹ bírò mọ́ ìwé náà débi pé ọ̀rọ̀ yẹn hàn dé ojú ewé kejì.

Kérésìmesì dé, Arteta ń bẹ níbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin pè mí lórí fóònù láàárọ̀ kùtùkùtù, kò tiẹ̀ kí mi kú ọdún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Aláìmọ̀kan ni yín. Ẹ̀yin lẹ ní ká pè yín bẹ́ẹ̀."

Òun náà ló fa ìwé yìí. Ní 2018, nígbà tí Arsène Wenger, kóòṣì wa, ń fi Arsenal sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 22, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bí ẹni ń ki ọba tó wàjà. Ife líìgì mẹ́ta. Ife FA méje. Sáà 2003-04 tí a gba bọ́ọ̀lù nígbà 38 láì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan: a borí nínú 26, a ta ọ̀mì nínú 12. Àbúrò mi tẹ́tí sí mi títí, ó wá bi mí léèrè pé ṣé kì í ṣe èmi yìí kan náà ni mo ti ń sọ láti ọdún bíi mélòó kan pé kí bàbá náà gba ilé lọ. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni. A fà á síwá, a fà á sẹ́yìn, kò sí ẹlẹ́rìí. Ló bá ní kí n máa kọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi sílẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà gba olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù níyànjú nìyẹn, ẹgbẹ́ yòówù kí ó máa tì lẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ọjọ́ sí i. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ẹnu náà la sì fi ń sẹ́ ẹ tó bá jóná. Ìwé kì í jẹ́ kéèyàn sẹ́.

Nípa Wenger, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi. Ó pẹ́ jù lórí oyè, mo ṣì dúró lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ pé àwọn ọdún tí mo fi bú u jù lọ ni ọwọ́ rẹ̀ dí jù lọ. Ní 2006 la kúrò ní Highbury lọ sí pápá tuntun, gbèsè pápá náà sì wà lọ́rùn ẹgbẹ́. A ta Henry ní 2007. A ta Fàbregas àti Nasri nínú oṣù kan náà ní 2011, oṣù yẹn kan náà ni Manchester United fi 8-2 bọ́ wa láṣọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, a ta van Persie fún United yẹn kan náà, ó sì fi góòlù 26 gbé ife líìgì fún wọn. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọọdún, bàbá náà ń mú wa wọ ìdíje Champions League. Ẹni tó ń fi omi díẹ̀ bomi rin oko ńlá, èmi ń bi í pé kí ló dé tí àgbàdo rẹ̀ ò ga.

Ojú ewé tó ń tì mí lójú jù ni ti Unai Emery, kóòṣì tó rọ́pò Wenger. Ó dé ní 2018, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò já gaara. Bó bá ti jókòó sọ́dọ̀ àwọn oníròyìn tó ní "Good ebening", gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Mo ń sín in jẹ. Èmi tí mo sọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá ń yọrí níbẹ̀ bí igi tó yọrí nínú omi! Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kóòṣì tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè kọ́ èèyàn. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, a gba bọ́ọ̀lù nígbà 22 léra wọn láì fìdí rẹmi. Mi ò kọ ìyẹn sílẹ̀. A ní àmì 70, Tottenham ní 71, wọ́n sì fi àmì kan yẹn gba ipò kẹrin mọ́ wa lọ́wọ́. Mo kọ ìyẹn. Chelsea lù wá 4-1 ní Baku nínú àṣekágbá Europa League. Ìyẹn gba ojú ewé méjì. Nígbà tí wọ́n lé e lọ ní oṣù Kọkànlá 2019, mo kọ ọ́ pé "Ọlọ́run ṣeun", mo sì fàlà sí i nídìí.

Ọkùnrin náà lọ sí Villarreal. Ní 2021, òun ló lé Arsenal jáde nínú ìdíje Europa League níbi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú àṣekágbá, ó sì lu Manchester United 11-10 nínú pẹnáritì láti gba ife náà. Lẹ́yìn náà ló gba iṣẹ́ Aston Villa. Ní sáà 2023-24, Manchester City ní àmì 91, àwa ní 89. Ìgbà márùn-ún péré la fìdí rẹmi ní gbogbo sáà yẹn, Villa ló sì ṣe méjì nínú rẹ̀: 1-0 nílé wọn, 2-0 nílé wa ní oṣù Kẹrin tí ife ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wa lọ́wọ́. Kóòṣì tí mo ní kò lè sọ̀rọ̀ ló gba àmì mẹ́fà lọ́wọ́ wa. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ṣí ìwé mi, mo wo ibi tí mo fàlà sí, mo pa á dé.

Láti ìgbà náà, tí kóòṣì kan bá dé, mi ò gbọ́ bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ mọ́. Ibi tí àwọn adìlémú rẹ̀ ń dúró sí nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni mò ń wò.

Ọ̀rọ̀ Granit Xhaka kọ́ mi ní tòdìkejì, torí pé ti agbábọ́ọ̀lù lòun. Ní oṣù Kẹwàá 2019, Crystal Palace ti bu 2-0 wa padà sí 2-2, wọ́n ní kí Xhaka jáde, òun sì ni balógun ẹgbẹ́. Àwọn èèyàn wa nínú pápá bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e lórí. Ó fọwọ́ sétí bí ẹni pé "ẹ tún un wí", ó bọ́ aṣọ sọnù, ó wọlé lọ. Wọ́n gba ipò balógun lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n tà á lọ́la, bí kò bá rí ẹni rà á, kí wọ́n ta á lọ́rẹ. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ló fi ọ̀rọ̀ síta pé àwọn kan ti ń gbàdúrà àìsàn fún ọmọbìnrin òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ṣe irú ìyẹn rí. Ṣùgbọ́n mo wà láàárín agbo tó ń hó, ẹni tó bá sì wà nínú agbo kò lè sọ pé ohùn tòun ò sí níbẹ̀.

Arteta kò tà á. Ní 2022, ó sún un síwájú, ó ní kó máa wọ inú àpótí wọn láti apá òsì dípò kó máa sá kiri níwájú àwọn adìlémú wa. Xhaka yìí, tí mo ní kò yára, tí mo ní káàdì ni iṣẹ́ rẹ̀, gbá góòlù méje wọlé nínú líìgì ní sáà yẹn, ó fi méjì ṣe ìdágbére nígbà tí a lu Wolves 5-0, ó sì gba Jámánì lọ. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Bayer Leverkusen ni wọ́n gba ife líìgì láì fìdí rẹmi: wọ́n borí nínú 28, wọ́n ta ọ̀mì nínú 6. Àwa ọmọ Arsenal tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àìfìdírẹmi ni oríkì wa, ẹni tí a hó lé lórí lọ ní tiẹ̀ níbòmíràn.

Nítorí náà, kí n tó kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù kankan báyìí, mo máa ń bi ara mi pé iṣẹ́ wo ni wọ́n rán an. Ẹsẹ̀ tó wúwo níwájú àwọn adìlémú lè fúyẹ́ nígbà tó bá sún mọ́ àpótí. William Saliba, tí a rà ní 2019, kò fẹsẹ̀ kan pápá wa nínú líìgì títí di 2022, wọ́n ń yá a fún ẹgbẹ́ kan dé òmíràn ní Faransé. Mo kọ ọ́ pé Arteta kórìíra ọmọ náà ni. Nígbà tó wá wọlé, ó dà bí ẹni tó ti ń dúró síbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Ti David Raya, ẹ má tiẹ̀ bi mí. Mo bínú ní 2023 nítorí Ramsdale, aṣọ́lé wa tí Raya gba ipò rẹ̀, Raya sì parí sáà náà pẹ̀lú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16 nínú líìgì tí ẹnikẹ́ni kò rí góòlù jẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò kọ ọ̀rọ̀ burúkú sí rí nínú ìwé náà, ojúsàájú ni, mo mọ̀. Orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ ni Bukayo Ayoyinka Temidayo Saka. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó ka orúkọ yẹn, ayọ̀ mẹ́ta ló kà. Nígbà tó pàdánù pẹnáritì fún England ní àṣekágbá ìdíje Euro ní oṣù Keje 2021, ọmọ ọdún 19 ni, tí wọ́n sì ń fi àwọ̀ ara rẹ̀ bú u, mo ti ìwé náà sínú àpótí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá gba bọ́ọ̀lù tí kò dáa, mo máa ń ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Bóyá ó sì rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́.

Mo tún ti dá òfin kan sílẹ̀ fún ara mi: mi ò kọ nǹkan kan lọ́jọ́ tí a bá gba bọ́ọ̀lù. Ní oṣù Karùn-ún 2025, PSG lu wa 2-1 ní Paris, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi 1-0 ṣíwájú nílé wa. Bírò ń yún mi lọ́wọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ojo ni wá. Lọ́jọ́ kejì mo jókòó wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà padà, mo rí i pé àwa la kọ́kọ́ dà bò wọ́n, Donnarumma ló ń ti ọwọ́ rẹ̀ tó gùn bọ gbogbo ẹ̀. Gabriel kò sí lẹ́yìn, Havertz àti Jesus kò sí níwájú. Mo kọ ọ́ pé: "Aṣọ́lé wọn ló là wọ́n." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ṣeé kà lónìí.

Mo tún padà sí ojú ewé 28 oṣù Kẹjọ 2021 nítorí òfin yẹn. Mo wá orúkọ àwọn tó wọ pápá lọ́jọ́ náà. Partey fara pa. Gabriel fara pa. COVID mú White. Xhaka gba káàdì pupa kó tó di ìsinmi ààbọ̀ eré. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ni mo fo nígbà tí mo ń kọ̀wé. Láti sáà tó tẹ̀ lé e, ipò kejì la ń gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn: àmì 84, 89, 74.

Kì í ṣe pé gbogbo ohun tí mo kọ ló ṣófo o. Ní 2019, mo kọ ọ́ pé mílíọ̀nù 72 owó pọ́n-ùn ti pọ̀ jù fún ẹsẹ̀ òsì Nicolas Pépé. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kìíní 2025 tí Jesus fara pa, mo kọ ọ́ pé bí a ò bá ra atamátàsé, a máa jẹ ẹ́ níyà. A ò rà. Oṣù tó tẹ̀ lé e Havertz náà fara pa, ó di dandan kí wọ́n ti Mikel Merino, agbábọ́ọ̀lù àárín, síwájú. Ó wọlé láti orí bẹ́ǹṣì, ó gbá méjì wọlé ní ilé Leicester. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mi ò pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́. Kóòṣì tó mọ̀ ọ́n fi oríṣi èlò kan ṣe iṣẹ́ òmíràn dáa, àmọ́ a ò gbọdọ̀ torí ìyẹn fi í sílẹ̀ láìní èlò.

Nígbà ìsinmi sáà 2025 la tó ra atamátàsé, Viktor Gyökeres, láti Sporting. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nípa rẹ̀ lóṣù Kẹjọ, lẹ́yìn tí mo dúró di ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí òfin mi. Mi ò ní sọ ọ́ níbí. Àbúrò mi ti wá gba ìwé náà lọ, ó ní òun máa bá mi tọ́jú rẹ̀ títí sáà á fi parí.