Gíráàmù Kan Tí Mo Kọ Sára Ọ̀rá

Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ní LAUTECH gbé àkọlé ara ọ̀rá oúnjẹ kan wá bá mi nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó fi lé ọ̀gá òun lọ́wọ́. Ìpápánu ni wọ́n fẹ́ kó sínú ọ̀rá náà. Ẹni tí ó bá rà á ní gáréèjì yóò ti jẹ ẹ́ tán kí ọkọ̀ tó gbéra, síbẹ̀ ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni pé ọ̀rá kan jẹ́ ìwọ̀n àjẹlẹ́ẹ̀kan mẹ́ta ààbọ̀, iyọ̀ àti ṣúgà inú àjẹlẹ́ẹ̀kan péré sì ni àkọlé náà ń fi hàn. Mo bi í pé ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ̀ka ìtajà ni. N kò lè sùn lóru ọjọ́ náà, nítorí pé ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyí, ibi tí èmi náà sì ti kọ́kọ́ ṣìnà gan-an nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kà fún yín. Èkíní ni pé kí ẹ máa fi 100 gíráàmù oúnjẹ ṣe òṣùwọ̀n dípò àjẹlẹ́ẹ̀kan, nítorí pé kò sí ọ̀gá tí ó lè sún un sókè sódò. Èkejì ni pé sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀ tí a máa ń kọ sára ọ̀rá, kọ́ ni aráàlú ń bù sọ́bẹ̀, iyọ̀ ni. Mílígíráàmù 400 sódíọ̀mù ni ó wà nínú gíráàmù kan iyọ̀, kí ẹ sì máa ṣe ìṣirò náà fún wọn. Ẹ̀kẹta ni n óò fi ìyókù ìwé yìí sọ.

Èròjà amọ́bẹ̀dùn oníhóró ni ilé-iṣẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ń ṣe. Gíráàmù 4 ni hóró kan, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ iyọ̀. Bí a bá kọ ọ́ bí ó ti rí, 800 mílígíráàmù sódíọ̀mù ni yóò hàn lára ọ̀rá, èyí kò sì tẹ́ àwọn ọ̀gá lọ́rùn. Wọ́n ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo kọ ọ́ pé gíráàmù 1 ni ìwọ̀n àjẹlẹ́ẹ̀kan, 200 ni ó sì hàn. Kò sí nọ́ńbà kan níbẹ̀ tí ó jẹ́ irọ́. Wọ́n yìn mí, wọ́n fi kún owó oṣù mi.

Nígbà tí a gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ìjọba ní kí a máa kọ ìkìlọ̀ síwájú oúnjẹ tí iyọ̀ tàbí ṣúgà rẹ̀ pọ̀jù, èmi náà ni wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà ilé-iṣẹ́. Mo kọ ọ́ pé ìkìlọ̀ yóò dẹ́rù ba aráàlú, pé kò sí oúnjẹ tí ó burú bí kò ṣe àṣejù, pé ìlanilọ́yẹ̀ ti tó. Mo gbà pé èrò ara mi ni. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo kà á pé ní oṣù kẹfà ọdún 2010, ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin Yúróòpù dìbò tako àwọ̀ pupa, ìyeyè àti ewéko tí à bá máa fi sára oúnjẹ láti fi hàn bí iyọ̀ tàbí ṣúgà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, lẹ́yìn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti gbé àtẹ ìdá-nínú-ọgọ́rùn-ún tiwọn kalẹ̀, èyí tí ó ń sọ ìdá tí àjẹlẹ́ẹ̀kan kó nínú ohun tí ènìyàn ń jẹ lóòjọ́. Ẹgbẹ́ Corporate Europe Observatory, tí ó ń tọpinpin bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń darí àwọn aṣòfin Yúróòpù, sì kọ ọ́ pé owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ná sí i tó bílíọ̀nù kan Euro. Àwíjàre wọn kò yàtọ̀ sí ti inú lẹ́tà mi.

Ìyá mi, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Jagun, ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nọ́ọ̀sì ní kí ó dín iyọ̀ kù, ó sì gbé ike iyọ̀ kúrò ní ilé ìdáná pátápátá. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo bá a níbi tí ó ti ń se ọbẹ̀ ilá tí a fẹ́ fi jẹ àmàlà láfún. Ó ń tú hóró kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò rún un sínú ìkòkò, mo ń kà á títí ó fi di mẹ́fà. Mo ní, "Màmá, ó tó!" Ó ní, "Ṣebí ilé-iṣẹ́ yín ni ó ṣe é. Àbúrò rẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀ fún mi, ó ní iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan." Ó na ọ̀rá náà sí mi.

Gíráàmù 12 iyọ̀ ni ó wà nínú ìkòkò tí àwa mẹ́ta yóò jẹ tán, mẹ́rin mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ti odindi ọjọ́ kan má tó márùn-ún. Nọ́ńbà tí wọ́n kà fún un, èmi ni mo kọ ọ́. N kò lè jẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ náà.

Títí di òní, inú ń bí mi sí àwọn ọ̀gá náà, ṣùgbọ́n wọn kò di ọwọ́ mi mú kọ ọ́. Ẹ̀kẹta nìyẹn, ẹ̀yin àbúrò mi: orí tábìlì yín ni wọ́n ti ń ba òfin jẹ́ kí ó tó dé Àbújá. Ní Chile, ọ̀pọ̀ ọdún ni Sẹ́nétọ̀ Guido Girardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bá irú lẹ́tà mi wọ̀jà kí òfin 20.606 tó jáde ní ọdún 2012. Láti ọdún 2016, àmì dúdú onígun mẹ́jọ ni ó ń jókòó síwájú oúnjẹ níbẹ̀ tí ó ń sọ pé iyọ̀ tàbí ṣúgà rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì dín èròjà wọn kù kí àmì náà má bàa kàn wọ́n. Irú rẹ̀ ni ìyá mi ì bá rí, láìní bẹ ẹnikẹ́ni kí ó bá òun kà á.

Mo ti kọ lẹ́tà kejì sí NAFDAC ní orúkọ ara mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ nínú yín, kí ó wá gbà á. Èmi àti àbúrò tí ó gbé àkọlé wá náà jókòó, a pa mẹ́ta ààbọ̀ rẹ́, a kọ ọ̀kan síbẹ̀. Ó ti gbé e lọ fún ọ̀gá rẹ̀, a ń retí ohun tí yóò sọ.