Ẹ ka bẹ́ńṣì kí ẹ tó kọ lẹ́tà

Yunifọ́ọ̀mù ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ń fọ̀ ọ́, ìdí rẹ̀ á pọ́n fún erùpẹ̀, ọṣẹ kò sì ràn án. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Dádì, ilẹ̀ la máa ń jókòó sí. Àwọn tó bá tètè dé ló ń rí bẹ́ńṣì." Ọmọ ọdún 8 ni, puráímárì 3 ló wà. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe. Èmi tí mò ń kan àga fún ilé onílé, orí itan ni ọmọ tèmi ti ń kọ̀wé.

Inú bí mi gan-an. Lọ́sẹ̀ yẹn náà, àwa òbí bí ogún ya bo ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. A pariwo. Ẹnì kan nínú wa tiẹ̀ bi í bóyá òun ló jẹ owó tí ìjọba fi ránṣẹ́. Ìyá náà kò fèsì. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú fáìlì kan jáde, ó sì tì í síwájú wa. Kò sẹ́ni tó ṣí i wò. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú wa pe ètò kan lórí rédíò, ó dárúkọ ilé-ìwé, ó sì dárúkọ ìyá náà pẹ̀lú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kúẹ́rì ti bọ́ sí i lọ́wọ́ láti òkè: kí ló dé tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé rẹ̀ dé orí afẹ́fẹ́? Bẹ́ńṣì ẹyọ kan kò tìtorí ariwo wa dé.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, bàbá wa," ó sì gbé fáìlì yẹn fún mi. Ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, tó ti kọ láàárín ọdún méjì. Ojú tì mí. Àmọ́ mo rí nǹkan kan: nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tó ní òǹtẹ̀ ọ́fíìsì tó gbà á. Ó ń kọ ọ́, ó ń fi rán mẹ́séńjà, kò sì sí ẹ̀rí kankan pé ó débi tó ń lọ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyá náà ṣàlàyé bí ètò ilé-ìwé ìjọba ṣe rí fún mi. Ọ̀gá ilé-ìwé kò ní owó bẹ́ńṣì lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni, kò lè bá ọ̀gá rẹ̀ jà ní gbangba. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ẹni tó ń darí rẹ̀ ni àwọn tíṣà ń pè ní ES. Lókè rẹ̀ ni SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló ń kọ́ kíláàsì, tí wọ́n ń pín àga fún ilé-ìwé. UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, wà ní Àbújá, ó ń fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé iye kan náà kalẹ̀ kó tó lè fọwọ́ kan èyí tó jẹ́ ti Àbújá. Tí ẹ bá ń gbọ́ pé owó ẹ̀kọ́ wà tí ẹ kò sì rí i, ẹ wò ó bóyá ibẹ̀ ló há sí. Àwa kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí a lọ ń gbá ilẹ̀kùn ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti òbí méjì gba kọ́kọ́rọ́ kíláàsì, a lọ ka bẹ́ńṣì. Mo dojú ọ̀kọ̀ọ̀kan dé, mo mi ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ikán ti jẹ àwọn kan débi pé tí o bá fi àtàǹpàkò tẹ igi wọn, á rì wọlé bíi búrẹ́dì. Igi àwọn mìíràn ṣì le, ìṣó wọn ló tú. Nígbà tí a parí, a ní bẹ́ńṣì 31 tó ṣeé jókòó lé, 12 tó ṣeé tún ṣe. Ọmọ 3 ni bẹ́ńṣì kan lè gbà. Rẹ́jísítà sọ pé ọmọ 214 ló wà nílé-ìwé. Ọmọ 121 ló ń jókòó sílẹ̀.

Àwọn ènìyàn ní kí n kúkú kan ìyókù, ṣebí káfíńtà ni mí. Àwọn mìíràn ní kí òbí kọ̀ọ̀kan dá owó bẹ́ńṣì. Mo tún 12 yẹn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n a ya fọ́tò wọn, a sì kọ wọ́n sílẹ̀ kí n tó fi ìṣó kan án, torí bí a bá tún un ṣe láìsọ, ìwé ìjọba á kàn gbà pé kò sí ohun tó ṣe ilé-ìwé wa. Ti owó dídá ni mo kọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni láti puráímárì 1 dé JSS 3, nígbà tó sì ń to ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ka ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, kíláàsì, oúnjẹ ọ̀sán, ó sì ka àga mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbowó lórí wọn lè san ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 3, tàbí méjèèjì. Bàbá mi wọ ilé-ìwé lọ́dún 1955, ọdún tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ó ní pẹpẹ alámọ̀ làwọn ń jókòó lé nígbà náà, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò ríbi jókòó.

A wá kọ lẹ́tà. Ojú ìwé kan péré. SBMC, ìgbìmọ̀ òbí àti aráàlú tó ń bá ilé-ìwé bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀, ló kọ ọ́: baálẹ̀ buwọ́ lù ú, alága ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà buwọ́ lù ú. A kò jẹ́ kí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ kàn án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ṣeré. A kò bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Iye ọmọ, iye bẹ́ńṣì, fọ́tò, ohun tí a ń fẹ́: bẹ́ńṣì 29. A ṣe ẹ̀dà mẹ́rin, ọ̀kan fún ES, ọ̀kan fún SUBEB, ọ̀kan fún kánsẹ́lọ̀ wa, ọ̀kan tiwa.

Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ. Ìyá tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà ní kí n fi sílẹ̀ sórí tábìlì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tẹ òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà tiwa." Ó wò mí títí, ó fa òǹtẹ̀ yọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó kọ déètì sí i, ó buwọ́ lù ú. Ìwé yẹn ló sọ̀rọ̀ fún wa lẹ́yìn náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá láìsí èsì, a kọ òmíràn, a dárúkọ déètì àkọ́kọ́, a sì bi wọ́n pé ilé-ìwé wo ni wọ́n fẹ́ fún ní àga lọ́dún yẹn. Òfin ọdún 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba fún ọ́fíìsì ní ọjọ́ 7 láti fèsì. A kọ ìyẹn náà sí i, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n ní ká wá.

A yan ẹnì kan ṣoṣo láti sọ̀rọ̀, ìyá kan tó ń ta ata lọ́jà, tí ọmọ rẹ̀ wà ní puráímárì 1. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó jókòó. Ọ̀gá tó gbà wá lálejò fara balẹ̀, ó ń mi orí, bí ẹni tó ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó ní, "Ẹ ní àwọn ọmọ ń jókòó sílẹ̀. Mélòó?" Ìyá aláta ní, "Ọmọ 121, sà. Lẹ́yìn tí a tún bẹ́ńṣì 12 ṣe, ó ku 85." Ìgbà yẹn ni ọ̀gá náà mú báírò.

Òun náà ló sọ fún wa pé ká má ṣe máa dúró di oṣù Kejìlá. Lẹ́tà tó bá dé lẹ́yìn tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti parí bọ́jẹ́ẹ̀tì, ọdún mìíràn ló ń retí.

Bẹ́ńṣì 20 dé ní sáà kejì. Mo dojú wọn dé, mo mi ẹsẹ̀ wọn, wọ́n le. Ọmọ mi wà lórí ọ̀kan nínú wọn, ní ọ̀nà ojú fèrèsé. Ó ku 9. A ti kọ lẹ́tà lórí ìyẹn, a sì kọ òmíràn lọ́tọ̀ pé kí wọ́n yọ kúẹ́rì yẹn kúrò nínú fáìlì ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀. Òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀dà méjèèjì. Wọ́n ti fèsì lórí bẹ́ńṣì. Lórí kúẹ́rì, a ṣì ń lọ.