Máòsì tó ń dáhùn lẹ́ẹ̀mejì
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú máòsì géèmù kan tán: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú swíìṣì rẹ̀ ló ti gbó. Swíìṣì tó ń lo ìmọ́lẹ̀ kì í ní àrùn yìí, torí irin kò fara kan irin níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí DPI (bí atọ́ka ojú kọ̀ǹpútà ṣe ń sáré tó tí ẹ bá sún máòsì) gọbọi ara páálí tàn yín. 800 sí 1,600 tó ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ní ti kíbọọ̀dù, ẹ wo ike bọ́tìnnì: ike tí wọ́n ń pè ní ABS máa ń dán bí ẹni fi òróró pa á tó bá pẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní PBT kì í tètè dán. Èyí tí swíìṣì rẹ̀ ṣeé fà yọ láìyọ́ òjé tí wọ́n fi ń jó irin mọ́ bọ́ọ̀dù ni mo fara mọ́. Bí ọ̀kan bá kú, ẹyọ kan péré lẹ ó pààrọ̀. Iná aláràbarà ńkọ́? Owó lásán.