Bàbá kan, àkáǹtì mẹ́rin

Lọ́jọ́rú tó kọjá, bàbá kan wọ ọ́fíìsì wa tàwọn ti fáìlì lábẹ́ abíyá, wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi sọ pé, "Ọmọ mi, wọ́n ní mi ò ní ínṣọ́ránsì." Mo kí wọn, mo fún wọn lómi, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ wọn lórí sísítẹ́ẹ̀mù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó síwájú mi o, àmọ́ nínú sọ́fítíwíà wa èèyàn mẹ́rin ni wọ́n: ọ̀kan ní láìnì àtijọ́, ọ̀kan ní láìnì tuntun, ọ̀kan ò ní nọ́ńbà kankan, ìkẹrin wá jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, àkáǹtì àwọn kọ́sítọ́mà ni mò ń bójú tó ní ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì kan l'Ékòó níbí. Àwọn èèyàn rò pé títẹ kọ̀ǹpútà lásán ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá rèé. Wọ́n jí fóònù wọn ní Òṣòdì, wọ́n gba láìnì tuntun, wọ́n sì ṣe ohun tó yẹ, wọ́n pe ilé-iṣẹ́ pé ẹ bá mi yí nọ́ńbà mi. Ẹni tó gbé fóònù lọ́jọ́ náà wá orúkọ wọn, ti ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ rí, ó yí i síbẹ̀, ó ní ó ti parí sà. Kò mọ̀ pé mọ́tò wọn wà lábẹ́ àkáǹtì míì. Nígbà tí ínṣọ́ránsì mọ́tò yẹn ń tán lọ, sísítẹ́ẹ̀mù ṣe tiẹ̀, ó fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, láìnì àtijọ́ yẹn ló sì ń fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí, bẹ́ẹ̀ sì rèé àwọn oníláìnì máa ń gba nọ́ńbà téèyàn ò lò mọ́, wọ́n á tà á fún ẹlòmíì. Bàbá náà ń retí tẹ́ẹ̀sì. Ti ṣọ́ọ̀bù wọlé, wọ́n san án lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n rò pé gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án tí ti mọ́tò tán ni ọkọ̀ kan gbá wọn lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ẹni tó gbá wọn sì sá lọ.

Òfin ínṣọ́ránsì ò fi bò rárá: tí owó ò bá tíì wọlé, kò sí ààbò. Láti January 2013 ni NAICOM, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì, ti ń rí i pé gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹ̀ lé e gírígírí, kò wá sí bá a ṣe fẹ́ sọ pé àánú bàbá ṣe wá ká bá wọn sanwó. Mo wo rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tẹ́ síwájú mi, tí wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí déètì tí wọ́n san án, omi fẹ́ẹ́ bọ́ lójú mi. Wọn ò jẹ̀bi, owó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ṣe tán láti san án. Àwa là ò kó gbogbo ohun tó jẹ́ tiwọn sójú kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tí ò mọ̀. Nínú sọ́fítíwíà tá a fi ń ṣe pọ́lísì, ìyẹn ìwé àdéhùn ínṣọ́ránsì, àkáǹtì yàtọ̀, pọ́lísì yàtọ̀. Àkáǹtì ni agbolé, pọ́lísì ni yàrá. Èèyàn lè ní yàrá mẹ́fà, ti mọ́tò, ti ilé, ti iná ṣọ́ọ̀bù, ti ẹrù tó ń bọ̀ lójú omi, àmọ́ inú agbolé kan náà ló yẹ kí gbogbo ẹ̀ wà, kó jẹ́ pé tá a bá yí nọ́ńbà fóònù lẹ́nu géètì, kò sí yàrá tí ò ní gbọ́. Ó tún wá ku ipò tí kálukú wà lórí pọ́lísì. Ẹni tó ni mọ́tò lè máà jẹ́ ẹni tó ń sanwó, bíi bàbá tó ń san ti ọmọ ẹ̀ tó wà ní yunifásítì, ẹni tí wọ́n máa kówó fún tí ẹni tí wọ́n ṣe ínṣọ́ránsì ẹ̀mí ẹ̀ bá kú tún yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń dà gbogbo wọn pọ̀, á fi orúkọ ẹni tó sanwó síbi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó ni mọ́tò wà, ọjọ́ kíléèmù, ìyẹn ọjọ́ tí kọ́sítọ́mà bá wá béèrè owó lọ́wọ́ wa, lọ̀rọ̀ á tó di ariwo.

Báwo wá lẹnì kan ṣe ń di mẹ́rin? Orúkọ wa ló ń fà á jù. Oluwaseun lónìí, Oluseun lọ́dún tó ń bọ̀, Seun lórí fọ́ọ̀mù tí éjẹ́ńtì kọ sórí itan nínú bọ́ọ̀sì. Sọ́fítíwíà ò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, lẹ́tà ló ń kà. Ẹlòmíì kọ orúkọ bàbá ẹ̀ ṣáájú, ẹlòmíì kọ ọ́ sẹ́yìn, wọ́n tún máa fi Alhaja síbi tó yẹ kí orúkọ wà. Obìnrin lọ sílé ọkọ, ó fi orúkọ ọkọ ra pọ́lísì tuntun, ti ilé bàbá ẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ọjọ́ ìbí náà kò ṣeé gbára lé, torí àwọn tí éjẹ́ńtì ò bi léèrè, 1 January ló máa ń fi sí i fún wọn.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni ti àwọn ìbejì. Sọ́fítíwíà wa ní ibi tó ti ń ṣa àwọn àkáǹtì tó jọra jáde, ó ń wo orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́ẹ̀sì, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti bára mu, á ní ká pa wọ́n pọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá tí gbogbo ayé ti ń gbọ́ Ìgbó-Ọrà torí ìbejì, ewu ńlá nìyẹn. Taiwo àti Kehinde: orúkọ bàbá kan, ọjọ́ ìbí kan, ilé kan, nígbà míì nọ́ńbà màmá wọn kan náà. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ti mú Kehinde pé òun ló máa kù, ọwọ́ ẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì, ó ní, "Àǹtí, ẹnì kan náà ni wọ́n." Mo ní dákun gbọ́wọ́ kúrò ńbẹ̀. Taiwo ní pọ́lísì ẹ̀mí tó ti ń sanwó sí bọ̀ látọjọ́ yìí, orúkọ ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀ ló wà lórí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni ì bá bọ́ sábẹ́ ẹni tí kì í ṣe òun. Pípa àkáǹtì pọ̀ kì í sì ṣe ohun tá a lè tú bí ẹni tú irun dídì. Pọ́lísì, rìsíìtì, kíléèmù, gbogbo ẹ̀ á ṣí lọ sábẹ́ nọ́ńbà tó kù, kéèyàn tó tún wá ṣa ti Taiwo kúrò nínú ti Kehinde, ìwé ìwé ni, ọjọ́ púpọ̀ ni.

Nọ́ńbà NIN ló gbà wá lọ́jọ́ yẹn, nọ́ńbà mọ́kànlá, ìbejì méjì ò lè ní ọ̀kan náà. Látìgbà yẹn, èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ wò ó ká tó pa àkáǹtì pọ̀, mo sì fẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ, kódà kí iṣẹ́ pọ̀ bíi kí ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn éjẹ́ńtì náà wà ńbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ń fi nọ́ńbà ara wọn àti email ara wọn sínú àkáǹtì kọ́sítọ́mà. Mo mọ ìdí ẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ilé-iṣẹ́ á pe kọ́sítọ́mà tààrà, kọmíṣọ̀n á sì lọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti rìn nínú oòrùn kiri ò jẹ̀bi pé ó ń ṣọ́ ohun tó jẹ́ tiẹ̀. Àmọ́ tí éjẹ́ńtì yẹn bá kó lọ sí ilé-iṣẹ́ míì ńkọ́? Odidi ọjà tó tà fún á wà lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹyọ ẹnì kan tá a lè pè nínú wọn. Ohun tí mo ń bá àwọn ọ̀gá sọ ni pé ká so orúkọ éjẹ́ńtì mọ́ pọ́lísì láyè tiẹ̀, kí kọmíṣọ̀n ẹ̀ máa wọlé fún un láìséwu, kí nọ́ńbà kọ́sítọ́mà náà wá jẹ́ ti kọ́sítọ́mà.

Ti mọ́tò ló wá le jù báyìí. Láti 1 February 2025 làwọn ọlọ́pàá ti ń dá mọ́tò dúró torí third party, ìyẹn ínṣọ́ránsì tí òfin ní gbogbo mọ́tò gbọ́dọ̀ ní, ó sì ṣeé yẹ̀ wò lórí NIID, ìyẹn database àwọn ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì, nọ́ńbà mọ́tò ni wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta, lẹ́tà méjì. Tí ọmọ ọ́fíìsì bá tẹ lẹ́tà O síbi tí òdo yẹ kó wà, kọ́sítọ́mà tó ti san 15,000 náírà ẹ̀ (5,000 ni kó tó di January 2023) á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni tí ò san nǹkan kan, sàtífíkéètì á wà lọ́wọ́ ẹ̀ wọn ò ní gbà á gbọ́.

Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, tẹ́ ẹ bá ní ju pọ́lísì kan lọ, ẹ pe ilé-iṣẹ́ yín lọ́la, ẹ ní kí wọ́n ka nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn fún yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ó wà dáadáa. Ẹ̀tọ́ yín ni láti mọ ohun tí wọ́n kọ nípa yín kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n tún un ṣe, Òfin Data Protection ọdún 2023 fún yín láyè ẹ̀. Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí náà, tẹ́nì kan bá pè pé kẹ́ ẹ yí nọ́ńbà, ẹ bi wọ́n pé ṣé nǹkan míì ò tún sí lọ́dọ̀ wa lórúkọ yín. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Bàbá padà wá lọ́jọ́ Ẹtì láti san ti mọ́tò tuntun. Mo ti pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ tiwọn pọ̀ di ẹyọ kan, ọ̀gá mi sì ti wò ó, ti ṣọ́ọ̀bù wà lọ́tọ̀ torí kọ́ńpìnnì ni, àmọ́ mo so ó mọ́ ọn kẹ́ni tó bá ṣí ọ̀kan lè rí èkejì. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn. Wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n fìka tọ́ ọ, wọ́n ka nọ́ńbà ọ̀hún sókè lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé orí èyí tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní kí n ṣí ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tún ka ìyẹn náà.