Àwo Tuntun Méjì, àti Ìbéèrè Bàbá

Mo ń gbé sípíkà sóde ìnáwó ní ìlú Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Òkú àgbà ni o, ìkómọ ni o, ìgbéyàwó ni o, èmi ni wọ́n ń pè. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá tán, tó bá ku èmi nìkan, house àti techno ni mo máa ń gbọ́, orin ijó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ilé orin kékeré kan tó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀ lé gbé àwo méjì jáde pa pọ̀, ọ̀kan house, ọ̀kan techno. Káàdì ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kútọnu ni mo fi rà wọ́n lórí Bandcamp, ibi tí wọ́n ti ń ta orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mi ò fi fóònù gbọ́ wọn rárá. Ìlù ńlá tó ń dún gbì, gbì, gbì, gbì nísàlẹ̀ orin yìí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, nǹkan bíi 50 Hz, sípíkà fóònù ò lè débẹ̀. Mo ní sùúrù títí di ìrọ̀lẹ́, mo wá gbé sípíkà ńlá méjì sí àgbàlá wa tí kò jìnnà sí Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa.

House ni mo kọ́kọ́ fi sí. Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí orin yìí, níbi ijó kan tó ń jẹ́ Warehouse, tí Frankie Knuckles ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin dá àwọn èèyàn lára yá ní 1977. Wọ́n ní lára orúkọ ilé náà ni wọ́n ti gé "house". Orin àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi: dùùrù rẹ̀ ń rọra wọlé bí àlejò tó mọ̀wà hù. Nínú ìkejì, ohùn obìnrin tó ń kọrin bo ìlù mọ́lẹ̀, mi ò ní gbé e lọ sóde ẹnikẹ́ni.

Techno yẹn gan-an ló mú mi kọ èyí. Detroit lorírun tiẹ̀, lọ́wọ́ Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, tí wọ́n mọra nílé ìwé ní Belleville. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Roland gbé ẹ̀rọ ìlù TR-909 jáde ní 1983, ọjà rẹ̀ ò yá, owó pọ́ọ́kú ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń ra àlòkù rẹ̀. Ohùn ẹ̀rọ yẹn náà ló wà nínú orin kẹta lórí àwo techno yìí. Ìlù ńlá nìkan ló fi bẹ̀rẹ̀, kò kánjú. Hi-hat, ìyẹn ohùn irin pẹlẹbẹ méjì tó ń lura, wá wọlé, ṣẹ́, ṣẹ́, ó ń fi bíńtín pẹ́ sẹ́yìn ìlù, bí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀.

Àbúrò bàbá mi jókòó nídìí ògiri, wọ́n ń pa ẹ̀pà. Wọ́n ti gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún tó dá wọn dúró. Mo rí i tí gìgísẹ̀ wọn ń kanlẹ̀. Kì í ṣe ìlù ńlá ni wọ́n ń tẹ̀ lé o, hi-hat ni, níbi tí ṣaworo ẹsẹ̀ wọn ì bá ti dún.

Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹrin, ìlù ńlá dákẹ́ wáí. Hi-hat ló kù, àti ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí atẹ́gùn nínú páìpù. Ọwọ́ Bàbá dúró lórí ẹ̀pà, gìgísẹ̀ wọn dúró lókè. Ìgbà tí ìlù padà, ẹsẹ̀ wọn àti ìlù jọ balẹ̀ ni.

"Ẹni yìí mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́," wọ́n ní. "Ta ló lù ú?"

Mo ní kò sí orúkọ lára rẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni. Mo ṣàlàyé fún wọn nípa Underground Resistance, ẹgbẹ́ olórin techno tí Mike Banks àti Jeff Mills dá sílẹ̀ ní Detroit, bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ bojú kí àwọn èèyàn lè tẹ́tí sí orin dípò kí wọ́n máa wo ojú olórin, àti bí ọ̀pọ̀ ilé orin kéékèèké ṣe kọ́ ọ lára wọn. Bàbá wá mi orí.

"Ẹni tó lu irú èyí, tí a ò morúkọ rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ kì í?"

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń bojú, ṣùgbọ́n Bàbá ló jàre lórí èyí. Wọ́n ní kí n dá orin padà síbi tó ti dákẹ́, mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Lánàá ni mo kọ̀wé sí ilé orin náà pé bàbá kan ní Kétu ń bèèrè orúkọ onílù orin kẹta.